Aṣọ Tí Mo Tú Lára Igi Kànga Ojú

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ní Ìgàndò, wolé-wolé lẹ mọ̀ mí sí. Ẹ mọ ṣẹ́ẹ̀tì kákí mi, ẹ mọ kẹ̀kẹ́ mi, ẹ sì mọ bí ẹ ṣe máa ń sáré wá ìdérí bo àmù nígbà tí ẹ bá gbọ́ ohùn mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń yọjú wo inú kànga onílé, láti Egan títí dé Ìṣẹ̀rí-Olófin. Kànga tí kò bá ní ìdérí, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tó bá sún mọ́ ṣáláńgá jù, mo ní kí wọ́n dí i pa. Nítorí náà, tí mo bá sọ fún yín pé kànga ló kó ìtìjú bá mi ní ilẹ̀ òkèèrè, mo mọ̀ pé ẹ ó rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí n sọ ọ́.

OHUN TÍ MAMA RÁN MI

Ojú Mama mi ló fa gbogbo rẹ̀. Ó ti tó ọdún méjì tí ojú náà ti ń ṣú. Lákọ̀ọ́kọ́, wọn ò lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́. Nígbà tó yá, ènìyàn á kí wọn, wọ́n á dúró kí onítọ̀hún tún sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó mọ ẹni tó jẹ́. Dókítà wò wọ́n, ó ní iṣẹ́ abẹ á ṣí i, ṣùgbọ́n kí a má ṣe jẹ́ kó pẹ́ jù.

Mama kọ̀. Aládùúrà ni wọ́n, aṣọ funfun, ẹsẹ̀ lásán, ìgò omi àdúrà ní gbogbo igun yàrá. Èmi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ní tèmi, iṣẹ́ mi sì ti kọ́ mi pé omi tí a kò bá sè, kò tíì ṣeé mu. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fi ń jà láràárọ̀.

“Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sè é kí ẹ tó mu ún.”

“Délé, ta ló ń gbé àdúrà ka iná?”

Sísítà òyìnbó kan wà nígbà náà ní ilé ìwòsàn kékeré kan lápá Egan, ìyá àgbà tó ti pẹ́ láàárín wa débi pé ó ń fi Yorùbá dá àpárá. Ọ̀rẹ́ Mama ni wọ́n. Àwọn ló sọ fún Mama pé ní abúlé àwọn ní Áyálándì, omi kan wà tí wọ́n ń pè ní Kànga Ojú, pé láti ayé àwọn baba ńlá wọn ni ènìyàn ti ń fi ibẹ̀ wẹ ojú. Ẹ̀yìn èyí ni iṣẹ́ yàn mí láti lọ kọ́ ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́ta nípa omi, ibo ni wọ́n sì rán mi lọ bí kò ṣe Áyálándì kan náà. Mama ní Ọlọ́run ló ṣètò rẹ̀. Wọ́n mú ìgò kékeré kan, wọ́n fi ìborí funfun wọn wé e, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́.

“Bu omi yẹn wá fún mi. Má sè é o. Títí omi yẹn á fi dé, ọ̀bẹ dókítà kankan ò ní kan ojú mi.”

Ẹ rí i báyìí pé kì í ṣe eré. Bí mi ò bá bu omi náà wá, Mama ò ní lọ ṣe iṣẹ́ abẹ, ojú náà á sì lọ. Mo gba ìgò náà. Mo ń kùn nínú, ṣùgbọ́n mo gbà á.

ẸNU Ọ̀NÀ MÀMÁ NÓRA

Ẹ̀kọ́ ọ̀hún kò ní ìtàn. Ìgbà tí mo parí rẹ̀ tí mo dé abúlé Sísítà ni ìrìn àjò mi tó bẹ̀rẹ̀. Etí òkun ni, lápá ìwọ̀ oòrùn, òkúta ju ilẹ̀ lọ, òjò ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé òun. Àbúrò Sísítà tó ń jẹ́ Nóra ni mo fẹ́ dé sọ́dọ̀ rẹ̀. Opó ni, ó kéré lára, bàtà rọ́bà ló wọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́.

Bí wọ́n ṣe ṣílẹ̀kùn, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fọwọ́ kan ilẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. Àwọn náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń wo ilẹ̀ kiri.

“Kí ló bọ́ lọ́wọ́ ẹ, ọmọ mi?”

Mo ní kò sóhun tó bọ́, pé mò ń kí wọn ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní kí n máa pe àwọn ní Nóra. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mo pè wọ́n ní Màmá Nóra, wọ́n ní kò burú.

Wọ́n ní ṣé kí àwọn po tíì fún mi. Mo ní ẹ ṣeun, mo ti jẹun. Wọ́n tún bi mí, mo tún kọ̀. Ìgbà kẹta ni mo gbà. Inú wọn dùn gidigidi, mi ò sì mọ ìdí rẹ̀ títí aládùúgbò wọn, Bàbá Mátín, fi là mí lóye: ní àdúgbò wọn, ọmọlúwàbí kì í gba tíì ní ìbéèrè àkọ́kọ́. Mo ní ta lẹ ń sọ fún? Ilé ta ni wọ́n ti ń nawọ́ sí oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan náà?

Oúnjẹ wọn ni mi ò lè purọ́ nípa rẹ̀. Ànàmọ́ òyìnbó ni láàárọ̀, òun ni lọ́sàn-án, bó bá di alẹ́, wọ́n á gún un pẹ̀lú bọ́tà kó lè jọ nǹkan mìíràn. Ata ò sí níbẹ̀ rárá. Ọpẹ́lọpẹ́ ata gígún tí mo kó sínú agolo mílíìkì. Màmá Nóra tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, wọ́n jáde síta lọ dúró nínú òjò.

Àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń kí ènìyàn. Ẹni tí kò rí ọ rí á gbé ìka kan sókè lórí ọwọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ìyá àgbà kan di ọwọ́ mi mú ní iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní ṣé mo mọ ìbátan òun tó jẹ́ Fádà ní Áfíríkà. Mo ní Áfíríkà tóbi. Ó wò mí bí ẹni tí kò fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Kí ẹ tó rẹ́rìn-ín, èmi náà pe Bàbá Mátín ní ará Ìlú Ọba nílé wọn, mi ò rántí pé àwọn ará Ìlú Ọba ló fi agbára jọba lé wọn lórí rí. Wọ́n gbé ife tíì wọn sílẹ̀, Màmá Nóra sì sáré bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ òjò.

Ọ̀NÀ ÒKÚ

Bàbá Mátín ti lé ní àádọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n wọ́n ń rìn ju mí lọ. Àwọn ló mú mi gba ọ̀nà àtijọ́ lọ́jọ́ kejì, kí n lè mọ ibi tí kànga wà. Tóóró ni ọ̀nà náà, ògiri òkúta ní ọ̀tún, ògiri òkúta ní òsì, koríko ti hù láàárín rẹ̀. Títì tuntun tí wọ́n da ọ̀dà sí wà nísàlẹ̀, ó sì yá ju ti òkè lọ. Ṣùgbọ́n òkú kì í gba títì. Bí ẹnikẹ́ni bá kú ní abúlé náà, èjìká ni wọ́n fi ń gbé e gba ọ̀nà òkè lọ sí itẹ́ òkú, nítorí ibẹ̀ ni àwọn baba rẹ̀ gbà. Ibi tí àwọn tó gbé pósí bá ti sinmi, wọ́n á to òkúta jọ. Ẹni tó bá ń kọjá á fi òkúta kan kún un. Bàbá Mátín fi kan, èmi náà fi kan.

Wọ́n fi àlàpà ilé kan hàn mí. Wọ́n ní ẹni tó kọ́ ọ gbé ògiri dí ọ̀nà náà, kò sì sùn lóru kan ṣoṣo títí ó fi gbẹ́ ilẹ̀kùn síwájú àti sẹ́yìn, tó ń ṣí méjèèjì sílẹ̀ kí àwọn arìnrìn-àjò tí ojú kì í rí lè kọjá. Mo rántí ilé tí àwọn ènìyàn wa kọ́ lé ojú gọ́tà ní Ìkọ̀tún, tí mo fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sí lára. Tiwa ò ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni o. Òjò ló ń bá wọn ṣí i.

Nígbà tí a dé ibì kan, Bàbá Mátín yọ búrẹ́dì gbígbẹ nínú àpò, wọ́n bù fún mi. Wọ́n ní koríko kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, ebi á dá a wó lójú ẹsẹ̀, pé láti ìgbà ìyàn ńlá wọn ni.

“Bàbá, ṣé ẹ gbà á gbọ́?”

“Èmi? N kò gbà á gbọ́ rárá.” Wọ́n jẹ búrẹ́dì wọn tán. “Ṣùgbọ́n n kì í gbàgbé búrẹ́dì nílé.”

Òjò ò jẹ́ ká dé ìdí kànga. Wọ́n kàn nawọ́ sí i láti òkè ni, wọ́n ní Màmá Nóra á mú mi lọ lọ́la. Ìbá dára ká ní mo dúró dè wọ́n.

IṢẸ́ ỌWỌ́ MI

Mo jí ní kùtùkùtù, mo mú ìgò Mama, mo dá lọ. Ohun tí mo rí kì í tilẹ̀ ṣe kànga bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Ìsun omi ni, kò jìn ju orúnkún lọ, òkúta yí i ká, ewé jíjẹrà sì bò ó lójú. Igi ẹlẹ́gùn-ún kan tẹ̀ lé e lórí, ara igi náà ló wá bà mí nínú jẹ́. Àkísà ló kún un. Ìbọ̀sẹ̀ kan, ìnujú, ìbọ̀sẹ̀ obìnrin gígùn, okùn bàtà, àjákù aṣọ oríṣiríṣi, àwọn mìíràn ti jẹrà débi pé wọ́n ń kán sínú omi.

Ara mi bẹ̀rẹ̀ sí yún mi. Mo ní omi yìí ni mo fẹ́ gbé lọ sí ojú ìyá mi? Mo ní àwọn ènìyàn wọ̀nyí lówó, wọ́n kàwé, ẹnìkan ṣoṣo ò sì lè gbá ìdí kànga Ọlọ́run. Ẹ wò ó, ká ní Ìgàndò ni, lọ́jọ́ Sátidé ìmọ́tótó, gbogbo abúlé ni ǹ bá kọ sílẹ̀. Mo ká ọwọ́ ẹ̀wù mi sókè. Mo tú gbogbo rẹ̀ pátá. Mo kó ewé kúrò, mo fi koríko fọ òkúta títí ó fi ń dán. Aṣọ funfun kan wà tí wọ́n fi òwú búlúù ṣẹ́ etí rẹ̀, wọ́n so ó le débi pé eyín ni mo fi tú u. Mo kó gbogbo àkísà jọ sábẹ́ ògiri níbi tí òjò ò dé, mo ṣáná sí i. Àwọn yòókù jó di eérú. Ti funfun yẹn ò jó dáadáa. Ńṣe ló yọ́ bí ọ̀rá.

Mo bu omi kún ìgò, mo ń súfèé orin ìjọ. Inú mi dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Bẹ́ẹ̀ ni Màmá Nóra dé, ẹsẹ̀ lásán nínú òtútù yẹn, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́sàn-án lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wo igi. Wọ́n wo eérú. Wọn ò pariwo, wọ́n kàn rọra jókòó sórí òkúta.

“Ta ló ṣe é?”

“Èmi ni, Màmá. Mo ti tún un ṣe.”

Wọ́n ṣàlàyé fún mi, ohùn wọn ò sì le. Wọ́n ní kì í ṣe ìdọ̀tí. Ẹni tí ara rẹ̀ ò dá tàbí ènìyàn rẹ̀ á ya aṣọ tó ti kan ara aláìsàn, á so ó mọ́ igi, á sì máa rìn yí omi ká, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí omi, bí oòrùn ṣe ń yí. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án, láràárọ̀, ọjọ́ mẹ́sàn-án. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ń kà á. Bí aṣọ bá ṣe ń jẹrà lára igi ni àìsàn ń jẹrà lára ènìyàn. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá tú u, ó ti tú àrùn náà sílẹ̀.

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n orí kunkun wolé-wolé ò tíì kúrò. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, èwo ni tiyín níbẹ̀?”

“Èmi ò ní. Aṣọ funfun yẹn ni mo ń wá yí omi ká fún. Ti ìyá ẹ ni.”

Mama ló fọwọ́ ara wọn gé e lára sùtánà wọn, wọ́n fún Sísítà, Sísítà fi í sínú lẹ́tà. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi. “Délé á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.” Ohun tí Mama sọ nìyẹn, Sísítà sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú lẹ́tà. Ọjọ́ méje ni Màmá Nóra ti fi ẹsẹ̀ lásán rìn nínú òtútù nítorí obìnrin tí wọn ò rí rí. Ó ku ọjọ́ méjì péré.

Mo fi igi tú eérú náà. Kóró dúdú kékeré kan ló kù. Mo mú un dání, mo sì sunkún. Mo ti dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn létí kànga, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ò sunkún níbẹ̀ rí àfi lọ́jọ́ náà.

ILÉ DÉ ILÉ

Ní Ìgàndò, bí mo bá wọlé, onílé ló ń gbọ̀n. Ní abúlé yẹn, èmi ni mo gbọ̀n. Mo wọ ilé mọ́kànlá lọ́jọ́ náà láti tọrọ àforíjì, Bàbá Mátín ń tẹ̀ lé mi. Mo retí èébú. Ìbá sàn fún mi ká ní wọ́n bú mi. Ńṣe ni wọ́n ń gbé kẹ́tùrù kaná.

Obìnrin kan ní ti òun, eyín ló ń dun òun, wọ́n sì ti yọ eyín ọ̀hún láti ìgbà ọdún Àjíǹde, kí n má da ara mi láàmú. Ọkùnrin kan tó ń tọ́jú àgùntàn gbọ́ tèmi tán, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ gígùn yẹn, ti ìyàwó rẹ̀ ni. Ìyàwó náà ti kú, kò kàn lè lọ tú u. Ó ní, “Ẹnìkan ní láti tú u lọ́jọ́ kan. Wọlé jàre, òjò ń pa ẹ́.” Mi ò lè mu tíì rẹ̀. Ó lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, mo mu ún.

Àwọn tó ṣì ní aláìsàn fún mi ní àjákù aṣọ tuntun. Lójú ọ̀nà, Bàbá Mátín ń gbìyànjú láti tù mí nínú. Wọ́n ní ní ayé baba wọn, obìnrin olówó kan fọ aṣọ nínú kànga yẹn, ni kànga bá bínú, ó gbéra, ó kó lọ sí ìdí igi tó wà báyìí.

“Ó kéré tán, kànga tìrẹ ò tíì kó ẹrù.”

Fún Mama, mo mú ìborí funfun tí wọ́n fi wé ìgò, mo ya etí rẹ̀. Mo fẹ́ fún Màmá Nóra kí wọ́n so ó. Wọn ò gbà á.

“Ìwọ lo tú u. Ìwọ ni kó o so ó.”

Ó yẹ kí n máa bọ̀ wálé lọ́jọ́ kẹta sí ìgbà yẹn. Mo sún un síwájú. Àárọ̀ mẹ́sàn-án ni èmi àti Màmá Nóra fi bọ́ bàtà, tí a gba ọ̀nà òkú sọ̀kalẹ̀, tí a ń yí omi ká. Ní ọjọ́ kìíní, òtútù nìkan ni mo mọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, mo rántí ẹsẹ̀ Mama, bó ṣe máa ń dúdú fún eruku bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, àti bí mo ṣe máa ń sọ̀rọ̀ aràn tó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé sí wọn létí. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò wo òkúta wẹ́wẹ́ mọ́, mo kàn ń bẹ Ọlọ́run ni. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo da omi àkọ́kọ́ nù, mo bu òmíràn.

OMI DÉ

Mama wà lórí àpótí níwájú ilé, wọ́n kọjú síbi tí ẹsẹ̀ mi ti ń dún. Mi ò tíì mu omi tí mo fi dọ̀bálẹ̀, tí mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

“Eyín lo fi tú u?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mama.”

“O sì dáná sun ún.”

“Mo sun ún, Mama. Ẹ má bínú.”

“Òmíràn ńkọ́? Ta ló so ó?”

“Èmi ni.”

“Pẹ̀lú bàtà?”

“Ẹsẹ̀ lásán, Mama. Ọjọ́ mẹ́sàn-án.”

Wọ́n ní kí n dìde jókòó. Wọ́n nawọ́, wọ́n wá ẹsẹ̀ mi kàn, wọ́n fọwọ́ pa àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni ń wá nǹkan. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí gbogbo ara wọn fi ń mì. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n gbé omi wá.

Sítóòfù wà níbẹ̀, kẹrosíìnì wà nínú rẹ̀. Mo wò ó. Mi ò ṣáná sí i.

Mama fi omi náà wẹ ojú. Wọ́n nu ún, wọ́n kọjú sí ọ̀nà. Wọn ò rí ju bí wọ́n ṣe ń rí tẹ́lẹ̀ lọ, mi ò ní purọ́ fún yín. Wọ́n gbé ìgò náà fún mi.

“Ó dáa,” ni wọ́n wí. “Omi ti dé. Ó yá, mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹ.”

Ojú ọ̀tún ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì, Mama wò mí fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní, “Délé, ìgbà wo lo hu ewú tó báyìí?” Wọ́n ní omi ni, mo ní dókítà ni, a ò sì jà sí i. Mo ṣì ń kọ kànga tí kò ní ìdérí sílẹ̀ o. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí ohun tí wọ́n so mọ́ igi, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ni ín.

Mo kọ̀wé ìdúpẹ́ sí Màmá Nóra. Ó lé ní oṣù kan kí èsì tó dé. Wọ́n ní inú gbogbo abúlé dùn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan ṣá ló kù: atẹ́gùn ìgbà òtútù ti ja ti àwọn yòókù di òwú, ṣùgbọ́n aṣọ Mama yìí kò jẹrà rárá, ó ṣì funfun báláú lórí igi. Níwọ̀n bí ojú sì ti là, ṣé kí àwọn tú u?

Mo ka lẹ́tà náà fún Mama. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú ọ̀tún, wọ́n fúnra wọn tún un kà.

“Wá bírò,” ni wọ́n wí. “Kọ̀wé sí i lónìí. Sọ fún un kó má fọwọ́ kàn án o. Ojú kan ṣì kù.”